Ọrùn ló dá a sílẹ̀, ọkàn ló ń jìyà rẹ̀

Lẹ́tà kan tẹ̀ mí lọ́wọ́ láti ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin kan tó ń tọ́jú ìyá rẹ̀. Mo gé e kúrú díẹ̀: "Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Ọ̀rọ̀ ìyá mi ni mo bá wá. Ẹni ọdún 61 ni wọ́n, àdìrẹ ni wọ́n ń tà ní Abẹ́òkúta. Ó ti tó ọdún kan tí wọ́n ti ń rù, bẹ́ẹ̀ wọ́n ń jẹun dáadáa. Àyà wọn ń lù kìkìkì, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, oorun kò kùn wọ́n. Wọ́n kọ́kọ́ sọ fún wa pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Wọ́n lo oògùn rẹ̀ títí, kò lọ. Àwọn ẹbí ní ayé ló ń bá wọn jà. Dókítà mìíràn ló wá yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, ó ní táírọ́ìdì wọn ń ṣiṣẹ́ jù, pé ó sì ti kan ọkàn, torí ìlù ọkàn wọn ti dàrú. Ó kọ carbimazole, propranolol àti warfarin fún wọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé, ara wọn kò tíì bọ̀ sípò, wọ́n ní àwọn fẹ́ pa gbogbo oògùn náà tì. Báwo ni ohun tó wà lọ́rùn ṣe ń ba ọkàn jẹ́? Ṣé ọkàn náà á tún padà sí bó ṣe wà? Èwo nínú oògùn yìí ni wọ́n lè fi sílẹ̀?"

Ẹ kú àmójútó màmá. Kí n tó dáhùn ẹyọ kan nínú ìbéèrè yín, ohun kan wà tí n kò fẹ́ kó kẹ́yìn: ẹ má jẹ́ kí màmá dá ọ̀kankan nínú oògùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró fúnra wọn, pàápàá warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ìdí rẹ̀ á hàn bí a ṣe ń lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kéré sí àìsàn yìí. Kì í ṣe pé oògùn kò ṣiṣẹ́. Ohun tó wà nílẹ̀ kí oògùn tó dé ni kò tíì tán.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ọrùn. Ẹ fi ìka méjì kan iwájú ọrùn yín, nísàlẹ̀ gògóńgò, kí ẹ sì gbé itọ́ mì. Ohun kan tó rọ̀ máa gòkè, á tún sọ̀ kalẹ̀ lábẹ́ ìka yín. Táírọ́ìdì nìyẹn. Ó rí bíi labalábá tó ya apá lé ọ̀nà èémí, kò sì wúwo ju nǹkan bí 20 gíráàmù lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa ṣe họ́mọ̀nù méjì tí wọ́n ń pè ní T4 àti T3, kó sì máa dà wọ́n sínú ẹ̀jẹ̀. Ibi gbogbo tí ẹ̀jẹ̀ bá gbé họ́mọ̀nù yìí dé, yálà ẹran ara ni, ìfun ni, awọ ni tàbí ọkàn, ohun tó ń sọ fún wọn kò ju pé: ẹ ṣiṣẹ́ báyìí, ẹ má yára jù, ẹ má lọ́ra jù. Bó bá pọ̀ jù, gbogbo wọn á máa sáré. Ìdí nìyẹn tí ènìyàn fi ń jẹun tí kò sanra, tí ooru ń mú un nígbà tí òtútù ń mú ẹlòmíràn, tí inú rẹ̀ ń ṣí lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin lóòjọ́, tí ọwọ́ rẹ̀ sì ń gbọ̀n débi pé omi ń dànù nínú ife.

Ibì kan wà nínú ìwé àyẹ̀wò tó máa ń da àwọn ènìyàn láàmú, ó sì ṣeé ṣe kó ti da ẹ̀yin náà láàmú. Ẹ máa rí i pé T4 àti T3 màmá ga, ṣùgbọ́n TSH wọn lọ sílẹ̀ gan-an. Àwọn kan á ní ó lọ sílẹ̀, nítorí náà táírọ́ìdì kò ṣiṣẹ́ tó. Òdìkejì rẹ̀ ni. Láti abẹ́ ọpọlọ ni TSH ti ń wá, òun ni ọ̀gá tó ń pàṣẹ fún táírọ́ìdì pé kó ṣiṣẹ́. Nígbà tí ọ̀gá bá rí i pé iṣẹ́ ti pọ̀ kọjá ààlà, á dákẹ́. TSH tó lọ sílẹ̀ nígbà tí T4 ga túmọ̀ sí pé ọ̀gá ti dákẹ́ ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ kò gbọ́. Kí n sì fi èyí kún un: bí màmá bá ń lo oògùn irun àti èékánná tó ní biotin nínú, kí wọ́n sọ fún àwọn tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, torí ó lè yí èsì padà kó dà bíi pé táírọ́ìdì ń ṣiṣẹ́ jù nígbà tí kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ kò sọ bóyá màmá ní gẹ̀gẹ̀, mo sì mọ̀ pé ẹlòmíràn á máa wo ọrùn wọn kó tó gbà pé táírọ́ìdì ni. Gẹ̀gẹ̀ àti àìsàn yìí kì í ṣe ohun kan náà. Ọ̀pọ̀ onígẹ̀gẹ̀ ló wà tí táírọ́ìdì wọn ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, ọ̀pọ̀ ẹni tí tirẹ̀ sì ń sáré kò ní ìwú kankan lọ́rùn, pàápàá àwọn àgbàlagbà. Ohun tó kọ́ mi ní ẹ̀kọ́ yìí dùn mí dòní. Nígbà tí mo ṣì kéré nínú iṣẹ́, bàbá kan wá sọ́dọ̀ mi, awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, ó ti lé ní 70 ọdún. Ó ti rù débi pé ó fi ìṣó lu ihò tuntun méjì sára bẹ́líìtì rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n, kò sọ pé àyà òun ń já. Ó kàn ń rẹ̀ ẹ́ ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ìlù ọkàn rẹ̀ sì rí ṣákaṣàka. Oṣù mẹ́rin gbáko ni mo fi tọ́jú ọkàn rẹ̀ nìkan, tí mo ń fi oògùn fa omi kúrò lára rẹ̀. Ó di ọjọ́ tí ọ̀gá mi kan ṣí fáìlì rẹ̀, tó bi mí pé ta ló ti yẹ táírọ́ìdì bàbá yìí wò. Kò sẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Èmi ni mo jẹ̀bi, torí ọrùn rẹ̀ tẹ́jú, n kò wo ẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni tí ìlù ọkàn rẹ̀ bá ṣàdédé dàrú, TSH wà lára ohun tí mo máa kọ́kọ́ béèrè. Nítorí náà, n kò bínú sí dókítà tó kọ́kọ́ rí màmá. Mo mọ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀.

Ọ̀nà ọkàn gan-an ni ayé fi kọ́kọ́ mọ àìsàn yìí dáadáa. Ní ọdún 1835 ní Dublin, ní Ireland, dókítà kan tó ń jẹ́ Robert Graves kọ̀wé nípa àwọn obìnrin mẹ́ta tí àyà wọn ń lù kíkankíkan fún ìgbà pípẹ́, ó sì kíyè sí i pé ọrùn àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wú. Ní 1840, Karl von Basedow ní Merseburg ní Jámánì fi ojú tó ń yọ síta kún un. Èyí tí wọ́n fi orúkọ Graves pè ló wọ́pọ̀ jù títí dòní, pàápàá láàárín àwọn obìnrin: àwọn ọmọ ogun ara fúnra wọn ló ṣe ohun kan tó dà bí àṣẹ TSH, tó ń gún táírọ́ìdì ní kẹ́sẹ́ láìdáwọ́ dúró. Nínú àwọn àgbàlagbà, ó lè jẹ́ kókó kan tàbí kókó púpọ̀ tó ti wà nínú gẹ̀gẹ̀ tipẹ́ ló yapa, tó ń ṣe họ́mọ̀nù tirẹ̀ láìgba àṣẹ. N kò lè mọ èyí tó jẹ́ ti màmá láti inú lẹ́tà. Ó ṣe pàtàkì kí dókítà wọn sọ ọ́, torí ìwòsàn méjèèjì yàtọ̀ nígbẹ̀yìn.

Wàyí o, ìbéèrè yín àkọ́kọ́. Ọkàn ní ibì kan nínú rẹ̀ tó ń lu ìlù fún ìyókù, bí ìyáàlù ṣe ń darí omele. Ara tó le máa ń lù láàárín 60 sí 100 ní ìṣẹ́jú kan tí ènìyàn bá sinmi. Bí T3 bá pọ̀ jù, ìyáàlù á bẹ̀rẹ̀ sí í kánjú. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀: ọkàn tó ń lù 70 ní ìṣẹ́jú kan máa lu 100,800 láti òní di ìwòyí ọ̀la. Èyí tó ń lù 120 máa lu 172,800. Ẹran kan náà ni o, tí kò tóbi ju ìkúùkù ènìyàn lọ, ìsinmi tirẹ̀ kò sì ju àlàfo tó wà láàárín ìlù kan àti èkejì lọ. Àlàfo yẹn ni àìsàn yìí ń jí gbé. Lọ́wọ́ kejì, họ́mọ̀nù náà ń ṣí àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ kí ara lè tú ooru jáde. Bí iṣan bá ti gbòòrò, kíndìnrín á rò pé ẹ̀jẹ̀ ti dín, á bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú iyọ̀ àti omi pa mọ́, ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń gbé á wá pọ̀ sí i. Ọkàn tó yẹ kó máa ti lítà 4 sí 6 jáde ní ìṣẹ́jú kan lè máa ti ohun tó ju lítà 7 lọ, ní ìjókòó, láìṣe iṣẹ́ kankan. Bí wọ́n ṣe ń na ẹṣin tó ń sáré ní pàṣán nìyẹn, tí wọ́n tún ń di ẹrù kún ẹ̀yìn rẹ̀.

Ohun kan ṣì kù tí họ́mọ̀nù yìí ń ṣe, òun ló sì kan ọ̀rọ̀ ayé tí ẹbí yín ń sọ. Ó ń mú kí etí ọkàn ṣí jù sí ohun tí ara máa ń tú jáde nígbà tí ẹ̀rù bá bà wá. Ohun kékeré báyìí, bí ilẹ̀kùn bá gbá, ọkàn á fò sókè. Ẹni tó bá ń jí lóru pẹ̀lú òógùn, tí àyà rẹ̀ ń já láìrí ohun tó ń bà á lẹ́rù, kò sí bí kò ṣe ní máa wá ẹni tó ń lé e. Màmá kò purọ́, orí wọn kò sì dàrú. Ara wọn wà ní ipò ìbẹ̀rù ní tòótọ́. Ẹ má bá wọn jà lórí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó bá fẹ́ gbàdúrà gbàdúrà, kí oògùn sì máa wọlé lásìkò. Ohun tí mo bẹ̀bẹ̀ sí ni pé kí ẹnikẹ́ni má fi àgbo tí a kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Warfarin kì í gba àdàlù.

Nípa ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n kọ́kọ́ pè é, kì í ṣe irọ́ pátápátá. Ẹ wo ìwé tí wọ́n kọ ìfúnpá màmá sí. Ó ṣeé ṣe kí ẹ rí nǹkan bíi 158 lókè, 62 nísàlẹ̀. Òkè ga torí ọkàn ń fi agbára tì. Ìsàlẹ̀ wálẹ̀ torí iṣan ti ṣí sílẹ̀. Nínú ẹ̀jẹ̀ ríru tó wọ́pọ̀, àwọn nọ́ńbà méjèèjì sábà máa ń gòkè pọ̀, àmọ́ iṣan àgbàlagbà tó ti le náà lè mú kí òkè nìkan ga, ìdí sì nìyẹn tí ojú fi lè tan dókítà. Nínú ti màmá, bí àlàfo láàárín méjèèjì bá fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú rírù àti ọwọ́ tó gbóná tó sì rin fún òógùn, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Bí táírọ́ìdì bá ti ń rọlẹ̀, ìfúnpá òkè lè rọlẹ̀ fúnra rẹ̀, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n ń lò lè wá pọ̀ jù, kí òòyì máa kọ́ wọn. Ẹ máa wọ̀n ọ́n, kí dókítà lè dín in kù lásìkò.

Ibi tí ọkàn mi wà jù nínú lẹ́tà yín ni ìlù tó dàrú. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà, ó ju eéje lọ. Nínú ẹni 100 tí táírọ́ìdì wọn ń ṣiṣẹ́ jù, bíi 10 sí 15 ni èyí máa ń ṣẹlẹ̀ sí, àwọn tó ti lé ní 60 ọdún ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ọkàn ní yàrá méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. Bí wọ́n bá ti na àwọn yàrá òkè pẹ́, omele á ṣọ̀tẹ̀ sí ìyáàlù: ibi púpọ̀ á máa lu ìlù tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, yàrá òkè á máa gbọ̀n jìnnìjìnnì dípò kó fún pọ̀ dáadáa. Ẹ̀jẹ̀ tó wà níbẹ̀ kò ní ṣàn tán. Ẹ̀jẹ̀ tó bá sì dúró gẹ̀gẹ̀ bí omi inú kòtò á bẹ̀rẹ̀ sí í dì. Bí ẹ̀yọ kan tó dì bá já kúrò níbẹ̀, tó bá ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ, rọpárọsẹ̀ nìyẹn, nínú ẹni tí kò sọ ju pé àyà òun ń lù lọ. Ìdí tí wọ́n fi kọ warfarin nìyẹn. Màmá kò ní rí i kó ṣe nǹkan kan lára wọn; àyà kò ní tìtorí rẹ̀ rọlẹ̀, ọwọ́ kò ní tìtorí rẹ̀ dẹ́kun gbígbọ̀n. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ohun kan má ṣẹlẹ̀, irú oògùn bẹ́ẹ̀ ló sì rọrùn jù fún ènìyàn láti jù nù.

Warfarin ní ìṣòro tirẹ̀, n kò ní fi pa mọ́. Ẹni tí táírọ́ìdì rẹ̀ ń sáré, ìwọ̀n kékeré máa ń ṣiṣẹ́ púpọ̀ lára rẹ̀. Bí carbimazole bá wá ń mú họ́mọ̀nù wálẹ̀, ìwọ̀n kan náà lè má tó mọ́. Nítorí náà, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní INR, tó ń fi hàn bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń yára dì tó, gbọ́dọ̀ máa wáyé léraléra ní oṣù àkọ́kọ́ wọ̀nyí. Bí wọn kò bá tíì ṣe é láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ lọ ṣe é ní ọ̀sẹ̀ yìí. Kí màmá máa jẹ ẹ̀fọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́, ní ìwọ̀n kan náà. Kì í ṣe kí wọ́n fi í sílẹ̀ lóṣù yìí kí wọ́n wá fi ẹ̀fọ́ dípò oúnjẹ lóṣù tó ń bọ̀. Kí wọ́n má sì ra oògùn ara ríro bíi ibuprofen lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri, torí ẹ̀jẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í dà nínú ikùn. Ìgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà, ìtọ̀ pupa, ẹ̀jẹ̀ imú tí kò dá, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.

Àwọn oògùn méjì yòókù ńkọ́? Propranolol ló ń di etí ọkàn díẹ̀, kó má gbọ́ gbogbo ariwo tí wọ́n ń pa sí i. Láàárín wákàtí díẹ̀, àyà á bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Àmọ́ kò wo táírọ́ìdì sàn, kì í ṣe oògùn ẹni tó ní ikọ́ fée, ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá sì ti rẹ̀ gan-an, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni dókítà máa ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Kò ṣeé dá dúró lójijì, ọkàn á tún gbé eré tó burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Carbimazole ló ń bá táírọ́ìdì fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó ń dí i lọ́wọ́ kó má ṣe họ́mọ̀nù tuntun. Ibí ni sùúrù ti pin lọ́wọ́ màmá. Táírọ́ìdì ní àká. Họ́mọ̀nù tó ti ṣe sílẹ̀ nínú rẹ̀ lè tó ara lò fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Carbimazole dá oko dúró, ṣùgbọ́n àgbàdo ṣì kún inú àká, ara ṣì ń jẹ ẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi máa ń rí ìyàtọ̀ gidi, àwọn kan ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ sọ ọ̀rọ̀ àká yìí fún màmá. Ọlọ́jà ni wọ́n, ọjà tó wà nílẹ̀ kí ènìyàn tó dẹ́kun rírà kò ṣàjèjì sí wọn.

Ewu kan wà nínú carbimazole tí mo máa ń sọ fún gbogbo ẹni tí mo bá kọ ọ́ fún, tí mo sì máa ń ní kí wọ́n tún sọ padà fún mi kí wọ́n tó dìde. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kò wọ́pọ̀, ó lè pa àwọn ẹ̀jẹ̀ funfun tó ń gbógun ti àrùn. Ọ̀nà ọ̀fun tó ń dun ènìyàn gan-an pẹ̀lú ibà tàbí egbò ẹnu ló fi máa ń hàn. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ sí màmá, kí wọ́n má pè é ní ibà lásán kí wọ́n lọ ra oògùn ibà. Carbimazole yìí nìkan ni oògùn tí mo gbà kí wọ́n dá dúró kí wọ́n tó rí dókítà, kí wọ́n sì lọ ka ẹ̀jẹ̀ funfun lọ́jọ́ náà gan-an.

Ṣé ọkàn á padà sípò? Ọ̀pọ̀ ìgbà, bẹ́ẹ̀ ni. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ àìsàn ọkàn tí mo ń tọ́jú, ohun tó bàjẹ́ ti bàjẹ́. Èyí wà lára ìwọ̀nba díẹ̀ tó ṣeé yí padà, ohun tó sì mú kí n fẹ́ràn láti máa tọ́jú rẹ̀ nìyẹn. Eré ọkàn máa ń rọlẹ̀, ara máa ń padà, ọkàn tó ti rẹ̀ tí omi fi ń kún ẹsẹ̀ máa ń gba agbára rẹ̀ padà dé ìwọ̀n tó ya àwọn ẹbí lẹ́nu. Ìlù tó dàrú náà sábà máa ń tò fúnra rẹ̀ ní oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí họ́mọ̀nù bá ti bọ̀ sípò. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi máa ń ní sùúrù kó tó sọ pé kí wọ́n fi iná mànàmáná tò ó. Ṣùgbọ́n n kò ní ṣèlérí ohun tí kò sí lọ́wọ́ mi. Bó bá ti pẹ́ tó tí ìlù ti dàrú, bí ènìyàn bá ti dàgbà tó, tí yàrá òkè ọkàn sì ti fẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìrètí pé yóò tò fúnra rẹ̀ ń dín kù. Àwọn kan ń gbé pẹ̀lú rẹ̀ títí, wọ́n ń lo oògùn, wọ́n sì ń ṣe ọjà wọn. Àwòrán ọkàn ló lè sọ ibi tí màmá wà, ẹ kò sì dárúkọ rẹ̀ nínú lẹ́tà. Bí wọn kò bá tíì yà á, ẹ béèrè.

Lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan, ọ̀rọ̀ á di èwo ni a máa fi parí rẹ̀. Bó bá jẹ́ ti Graves, wọ́n lè lo carbimazole fún oṣù 12 sí 18 kí wọ́n wá dá a dúró, ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ènìyàn ó máa ń padà wá. Bó bá jẹ́ kókó tó yapa, oògùn yìí kàn ń dè é mọ́lẹ̀ ni, ó máa dìde tí wọ́n bá dá a dúró. Ẹni tó jẹ́ ẹni ọdún 61 tí ọkàn rẹ̀ ti forí gba ti àkọ́kọ́, n kò fẹ́ kó forí gba ẹlẹ́ẹ̀kejì. Nítorí náà, bí ó bá jẹ́ ìyá tèmi, lẹ́yìn tí oògùn bá ti mú un rọlẹ̀, ayódíìnì tó ní ìtànṣán ni màá tẹ̀ sí. Wọ́n á gbé e mì lẹ́ẹ̀kan, táírọ́ìdì ló máa gbà á jù, á sì mú un rọlẹ̀ láti inú. Ẹ̀ka tó ń ṣe irú ìtọ́jú yìí wà ní UCH ní Ìbàdàn, kò jìnnà sí yín. Owó rẹ̀ ń wúwo fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó sì gba pé kí màmá má gbé ọmọ-ọmọ lẹ́sẹ̀ fún ìwọ̀nba ọjọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Bí ojú wọn bá ń yọ síta, kí dókítà mọ̀ kí wọ́n tó gbé e mì, torí ó lè mú kí ojú burú sí i. Iṣẹ́ abẹ náà wà, pàápàá bí gẹ̀gẹ̀ bá tóbi tó ń fún ọ̀nà èémí, àmọ́ ó ń fẹ́ ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n, nítorí iṣan ohùn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, wọn kò sì gbọ́dọ̀ ṣe é nígbà tí họ́mọ̀nù ṣì ń ga. Lẹ́yìn ọ̀kankan nínú méjèèjì, táírọ́ìdì lè wá má tó mọ́, kí màmá máa lo oògùn kan lójoojúmọ́ títí ayé. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn bà yín lẹ́rù, oògùn kékeré tó rọrùn ni. Kí wọ́n ṣáà máa wọ̀n ọ́n, torí bó bá pọ̀ jù, ọkàn á tún bẹ̀rẹ̀ eré rẹ̀.

Ohun tí ẹ lè máa ṣe nílé nìyí. Ẹ jókòó ti màmá nígbà tí oorun bá ti gbé wọn lọ. Ẹ fi ìka méjì sí ọrùn ọwọ́ wọn, ní ìsàlẹ̀ àtàǹpàkò, ẹ má fi àtàǹpàkò tiyín kàn án torí òun náà ní ìlù tirẹ̀. Ẹ kà á fún odidi ìṣẹ́jú kan, kì í ṣe ìdajì tí ẹ máa sọ di méjì, torí ìlù tó dàrú máa ń tan ẹni tó bá kánjú. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà, ọkàn rẹ̀ máa ń rọlẹ̀ tó bá sùn. Ti táírọ́ìdì kì í sùn. Bí ẹ bá ń rí 90 sókè lójú oorun, àká kò tíì tán. Ẹ kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀, ẹ kọ ìwọ̀n ara wọn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ṣùgbọ́n bí èémí bá ń há wọn nígbà tí wọ́n bá dùbúlẹ̀, tí wọ́n ní láti to ìrọ̀rí mẹ́ta kí wọ́n tó sùn, bí àyà bá ń dùn wọ́n, bí ẹnu bá wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan tàbí apá kan bá kú, bí ibà líle bá dà pọ̀ mọ́ àyà tó ń sáré àti ọ̀rọ̀ tí kò já geere, ẹ má dúró kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún ẹ̀yin fúnra yín. Ti Graves máa ń rìn nínú ẹbí, ó sì ń wá obìnrin ju ọkùnrin lọ. Nígbà tí ẹ bá mú màmá lọ fún àyẹ̀wò T4 tó ń bọ̀, tó yẹ kó wáyé ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà sí ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ oògùn, ẹ jẹ́ kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ tiyín náà fún TSH. Ẹ kó gbogbo páálí oògùn dání, ti ẹ̀jẹ̀ ríru àtijọ́ náà, àti ìwé tí ẹ ń kọ ìlù ọkàn òru sí. Ìwé yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé síwájú dókítà.